Ilé Tí Mo Tún Ṣe De Obìnrin Ilé Ẹjọ́

Ọmọ mi, àkọ́bí mi, ọkọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé dáadáa lo wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o ń rí oorun sùn? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o rin ìrìn àdánù, ilẹ̀kùn tí o bá kàn, kí wọ́n ṣí i fún ọ. Bí o bá bèèrè mi, ara mi le, àfi orúnkún tó máa ń ké tí mo bá fẹ́ dìde nídìí máṣíìnì. Bẹ́líìtì máṣíìnì ọ̀hún ti já lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yìí, mo fi okùn bàtà so ó, ó sì ń ránṣọ lọ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é. Ìyá Oníbúrẹ́dì tó múlé tì wá ní kí n kí ọ. Ìyá Kékeré, ọmọ rẹ, wà lálàáfíà. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti ká, kò sì jẹ́ kí n sọ ọ́ nù, ó ní òun fẹ́ fi han ìyá òun.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí gan-an ló mú mi gbé bírò. Ìwé tí ilé ẹjọ́ fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo rí orúkọ rẹ lápá kan, orúkọ ìyàwó rẹ lápá kejì, wọ́n kọjú síra wọn bí ẹni tó fẹ́ jìjàkadì, inú mi ò dùn. Ṣùgbọ́n mo tún rí orúkọ tèmi nísàlẹ̀, pé o ní ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ yóò máa gbé bí wọ́n bá tú ìgbéyàwó yín ká tán, ni mo bá ní áà, ìjọba mọ̀ mí. Mo fi ọ̀rá wé ìwé náà kí omi má bàa bà á jẹ́, mo gbé e kọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó yín, mo sì ń fi han àwọn oníbàárà mi fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, kí Ìyá Oníbúrẹ́dì tó kà á délẹ̀, tó ní wọn kì í gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ́ sára ògiri.

Ìwé náà sọ pé ẹnìkan ń bọ̀ láti ilé ẹjọ́ wá wo bí ọmọ ṣe ń gbé. Ìwọ náà mọ̀ mí, mi ò kì í gba àlejò nínú ìdọ̀tí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tún ilé ṣe. Mo fọ àwòrán tí ọmọ fi ṣọ́ọ̀kì yà sára ògiri kúrò, mo kó ìwé rẹ̀, sálúbàtà rẹ̀, àwo rẹ̀, àpótí ìjókòó rẹ̀ àti àwọn àjákù aṣọ tó fi ń ránṣọ fún bèbí rẹ̀ sínú agbọ̀n, mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ sílé Ìyá Oníbúrẹ́dì. Mo tẹ́ aṣọ funfun sórí bẹ́ẹ̀dì, orí ẹní ni èmi àti ọmọ sùn kó má bàa rún. Nígbà tó di òwúrọ̀, mo wẹ ọmọ náà gan-an alára, mo ní kó máa lọ sílé kejì kó má lọ da àlejò láàmú.

Obìnrin náà dé, ọmọlúàbí ni. Ó yọ fóònù, ó ń ya fọ́tò. Mo dúró fún un ní pálọ̀, mo dúró fún un ní kíṣìnì, mo tilẹ̀ dúró fún un lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ́, mo kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó tó fọ̀wọ̀ ní kí n jọ̀ọ́ yẹra díẹ̀, ilé lòun ń yà. Ó wá bi mí pé ṣé ọmọ kankan tiẹ̀ ń gbé inú ilé yìí. Mo rò pé ó ń yìn mí ni, mo ní ṣé ẹ rí i bó ṣe mọ́. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó bèèrè bàtà ọmọ, ó bèèrè àwo ọmọ, mo ní wọ́n wà nílé kejì. Ó ní, Ìyá, ọmọ yẹn ni mo wá wò.

Mo bá ké sí ọmọ. Obìnrin náà ní kó fi ohun tó jẹ́ tirẹ̀ han òun. Ó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fa báàgì ilé-ìwé rẹ̀ jáde. Ọmọ mi, mo ti rí báàgì yẹn nígbà tí mo ń tún ilé ṣe, bó ṣe dì í wù mí, mo ní ọmọ yìí jọ mí. Aṣọ méjì ló wà nínú rẹ̀, àti bàtà rẹ̀, àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nínú ọ̀rá, àti eyín yẹn tó fi bébà wé. Obìnrin náà bi í pé níbo ló ń lọ. Ó ní wọn ò tíì sọ ọjọ́ fún òun, ìyẹn lòun fi ń di ẹrù láràárọ̀. Ìwọ lo sọ fún un, nígbà tí o gbé e wá, pé ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì ni. Oṣù mẹ́rin rèé. Èmi tí mo wọn ọmọ yìí látorí dé ẹsẹ̀, tí mo rán aṣọ mẹ́ta fún un, mi ò mọ̀ pé ọ̀nà ló ń wò. Mo jókòó sórí aṣọ funfun yẹn, mo sunkún.

Mo bi obìnrin náà pé ta ló ni ọmọ lójú òfin, torí ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé baba ló lọmọ. Ó ní adájọ́ kì í bèèrè ẹni tó lọmọ, ibi tí yóò ti dára fún ọmọ ló ń bèèrè. Ó ní ìyá lẹ́tọ̀ọ́, baba lẹ́tọ̀ọ́, bí ọmọ ò bá tilẹ̀ gbé ọ̀dọ̀ rẹ, ẹ̀tọ́ rẹ ni láti máa rí i, èmi ìyá àgbà náà lẹ́tọ̀ọ́ kí wọ́n gbọ́ tẹnu mi, ṣùgbọ́n ti ọmọ ló ṣáájú. Mo kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹni ọdún mẹ́jọ tí kò tíì mọ okùn bàtà so ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣáájú tèmi. Ṣùgbọ́n mo wo báàgì yẹn, ẹ̀rín ò wá mọ́.

Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù kí n kọ ohun tí mo mọ̀. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kò ju ìka mẹ́ta lọ, kí lèèyàn fẹ́ kọ síbẹ̀. Mo mú ìwé mẹ́rin mìíràn, mo fi máṣíìnì rán wọn mọ́ ọn, mo rán an ní ìránméjì kó má bàa tú lójú adájọ́. Obìnrin náà wò ó títí, ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n òun á gbé e débẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ọmọ dáadáa ni ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ ìyẹn kí wọ́n má bàa fojú fò ó. Mo kọ ọ́ pé ìbínú lo fi gbé ọmọ wá, àti pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo ti wá wò ó. Mo wá kọ ọ́ pé kí ó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kí ó máa wá sọ́dọ̀ rẹ lópin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí n máa rí i nígbà ìsinmi. Mo kọ́kọ́ fagi lé ìyẹn, mo tún un kọ, wàá rí i bí wọ́n bá fi hàn ọ́. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Mo mọ̀ pé yóò dùn ọ́. Ìwọ lo ní kí n ṣe ẹlẹ́rìí rẹ, mo wá jẹ́rìí báyìí. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Kò pọn dandan kí ẹ̀yin méjèèjì ṣọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ti jọ bímọ.

Owó tí mo fẹ́ tọrọ rèé. Èyí tí o máa ń fi ránṣẹ́ sí mi níparí oṣù, má fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, okùn bàtà á ṣì gbé máṣíìnì. Fi wọkọ̀ wá sílé kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé, kí o di ọwọ́ ọmọ rẹ mú, kí ìwọ fúnra rẹ mú un lọ bá ìyá rẹ̀, kó má jẹ́ pé àlejò ni yóò wá mú un lọ. Bí o bá fẹ́ bínú sí mi, dé ná, a ó jọ jókòó bínú.

Ọlọ́run á tù ọ́ nínú, á fún ọ ní ọkàn tó lè fi nǹkan sílẹ̀. Ọmọ rẹ á dàgbà lójú rẹ, kò ní fi ọ́ ṣe àlejò lọ́jọ́ ogbó.

Mo ti sọ fún Ìyá Kékeré pé ìwọ ni wàá mú un lọ. Ó bi mí pé ṣé òótọ́ ni. Mo ní òótọ́ ni. Má sọ mí di òpùrọ́ lójú ọmọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ