Ẹ Má Yin Àbúrò Mi Mọ́

Ọmọ mi àtàtà, dókítà tí mo bí,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Bí o bá wà lórí ìdúró, wá ibi jókòó sí, nítorí lẹ́tà yìí gùn. Ìwọ tí ò ń tún orí ọlọ́rí ṣe, orí tìrẹ kò ní dàrú. Ìyá rẹ kí ọ. Orúnkún ń dùn ún, ó ní kí n má sọ fún ọ, nítorí náà mi ò sọ.

Mo ti ka lẹ́tà rẹ, mo sì tún un kà. O ní ìgbìmọ̀ tí yóò pinnu bóyá àbúrò mi, Bàbá Kékeré rẹ, yóò wálé kò lè fi ọ̀rọ̀ tí a sọ fún obìnrin tí ilé ìwòsàn yín rán sí wa ṣe nǹkan kan. O ní ẹ kì í tú ẹni tí ilé ẹjọ́ fi sọ́dọ̀ yín sílẹ̀ nítorí pé ẹbí fẹ́ràn rẹ̀, tàbí nítorí pé ọkàn dókítà sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ohun tí ẹ bá wádìí, tí ẹ sì ti rí i pé ó rí bẹ́ẹ̀ lára ọ̀pọ̀ aláìsàn, ni ẹ ń tẹ̀ lé. O tún ní ìwọ alára kò gbọdọ̀ dá sí i, nítorí ẹbí rẹ ni. Ìyẹn ni mi ò tíì gbà tán. Aláìsàn kan ṣoṣo la ní, a wá tọ́ dókítà kan, wọ́n ní kó má fọwọ́ kàn án. Ó dà bí ẹni tó bí télọ̀ tó ń wọ àkísà.

Obìnrin náà ṣèèyàn. Ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó ní yóò gba ohùn wa sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá òun. Mo sún mọ́ ọn, mo kí àwọn ọ̀gá náà, mo bi wọ́n léèrè àlàáfíà ilé. Wọn ò dáhùn. Mo ní bóyá wọ́n ń jẹun lọ́wọ́.

Ó wá béèrè irú èèyàn tí Bàbá Kékeré rẹ jẹ́. O mọ̀ wá, a kì í tú àṣírí ẹbí fún àlejò. Kí ó tó jókòó tán, ìyìn ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ ní kò bínú rí láyé. Káfíńtà aládùúgbò wa, tí Bàbá Kékeré rẹ dáná sun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí àìsàn ọpọlọ náà gbé e, ní igi gbígbẹ máa ń gbiná fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn. Inú mi dùn, mo rò pé a ti jàre. Obìnrin náà ní àwọn ìbéèrè kan wà tó ní máàkì. Mo ní kó fún àbúrò mi ní gbogbo máàkì tó bá wà, a kì í fìdí rẹmi nílé wa. Ó ní bí máàkì bá ṣe pọ̀ tó ni ewu ṣe pọ̀ tó. Ilé ìwé wo nìyẹn, tí wọ́n ti ń yẹ́ ẹni tó gbẹ́yìn sí? Ìyá rẹ ní ká ti mọ̀, à bá ti rán àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n òun tí wọ́n máa ń gba òdo lọ.

Lẹ́tà rẹ bí mi nínú. Mo mú un tọ káfíńtà lọ, pé kó wá gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ wá di onírọ́. Ó ń fá pákó lọ́wọ́, kò dúró. Ó ní irọ́ náà kúkú ni a pa. Ó ní kí iná yẹn tó jó, Bàbá Kékeré rẹ kì í sùn mọ́. Ìdájí ló máa ń wá kan ìṣó mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù òun, kí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú pákó má baà jáde. Òun kò sọ fún mi nítorí kí n má baà rò pé òun ń bú ẹbí mi. Ó wá gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Mo fẹ́ kó wálé, Bàbá Dókítà. Ṣùgbọ́n bí oorun bá tún dá lójú rẹ̀, ta ni yóò sọ? Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń yìn ín yìí?"

Mo ká lẹ́tà náà, mo padà sílé. Mo rò ó títí. Bí a bá ní kò ṣàìsàn rí, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ pé ara rẹ̀ ti yá? Àbí ìyìn wa gan-an ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn?

Mo bá pe gbogbo ilé jọ, mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yìn ín mọ́. Wọ́n wá ṣe àṣejù. Ìyá rẹ dárúkọ ẹran tó jí nínú ìkòkò nígbà tó wà lọ́mọdé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ó máa ń hanrun. Mo ní ìhanrun yẹn gan-an la ń wá! Ọjọ́ tí a kò bá gbọ́ ọ, ewu dé nìyẹn. Yàrá tí ògiri rẹ̀ kan tèmi ni màá fún un.

Nítorí náà, fi owó ránṣẹ́ sí mi, kí n fi ra ìbùsùn fún un, kí n sì fi wọkọ̀ wá síwájú ìgbìmọ̀ yín, èmi àti káfíńtà. Bí o bá fẹ́ fi owó náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi, kọ́kọ́ béèrè bóyá iná wà lára fóònù náà, kí owó má baà há sínú òkùnkùn.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́. Kí ìwọ náà rí ẹni tí yóò sọ òótọ́ fún ọ lọ́jọ́ tí o bá nílò rẹ̀. Bí wọ́n bá bi mí níbẹ̀ bóyá èèyàn rere ni àbúrò mi, mi ò ní dáhùn. Kí wọ́n bi mí bóyá màá pè wọ́n lóru tí mi ò bá gbọ́ ìhanrun rẹ̀. Màá pè wọ́n. Bí ó bá bẹ̀ mí pé kí n má pè, màá pè. Bí ó bá bú mi, màá pè. Èmi tí mo gbé e lọ sílé ìwé léjìká, èmi náà ni yóò pè.

Èmi ni bàbá rẹ.