Ara Mi Ò Gbọ̀n Mọ́

Màmá,

Ṣé ara yín le? Ẹ má fòyà nípa mi. Ó ku díẹ̀ ká kó àgùntàn sọ̀ kalẹ̀ wálé fún ọjọ́ Dimitrí Mímọ́ ni yìnyín dí ọ̀nà òkè mọ́ èmi àti Bàbá Stamen, tá a jọ ń da ẹran, nínú ahéré darandaran. Igi ìdáná ti tán, ṣùgbọ́n ọtí rakíà tí ẹ dì fún mi ṣì kù.

Bàbá Stamen ò jẹ́ kí n gbádùn ẹ̀. "Radko, gbé ìgò yẹn sílẹ̀! Ó ń tàn ẹ́ jẹ ni, ooru inú ẹ ló ń lé jáde. Jẹ́ kí ara ẹ máa gbọ̀n. Gbígbọ̀n yẹn ló fi ń dáná fún ara ẹ̀. Tí ò bá gbọ̀n mọ́, ó ti gbà fún òtútù nìyẹn."

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ mu díẹ̀, ẹnu yín á rọ̀."

Ó ní àgùntàn gbọ́n jù mí lọ, ló bá jáde lọ wá igi. Kò tíì dé.

Àmọ́ inú yín á dùn, Màmá: ara mi ò gbọ̀n mọ́. Ooru gan-an ló ń mú mi báyìí. Mo ti bọ́ kóòtù onírun yín, mo ká a dáadáa kó má bàa dọ̀tí. Oorun sì ń kùn mí.

Ẹ bá mi kí Vitka, ìyàwó mi. Ẹ ní kó má wulẹ̀ parí súwẹ́tà tó ń hun fún mi.

Radko yín