Ẹsẹ̀ Tuntun Tí O Rà fún Ọkọ̀ Rẹ

Adúmáadán mi, ọmọ tí mo bí tí ara tù mí,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Iṣẹ́ ńkọ́? Yàrá tí o ń gbé ńkọ́, ṣé òrùlé ẹ̀ ò jò mọ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́, a ò le bí irin, ṣùgbọ́n a ò tíì dùbúlẹ̀. Ọlọ́run tó ń mú ọ jáde láàárọ̀ á máa mú ọ wọlé nírọ̀lẹ́. O ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ohun tí o bá fi ọwọ́ rẹ rà ò ní já ọ kulẹ̀. Ṣe àmín kí o tó máa kà á lọ o, nítorí mo mọ̀ ẹ́, o máa ń fo àdúrà kí o lè tètè dé ibi ọ̀rọ̀.

Má bínú pé mo kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà báyìí. Ìwọ sọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ di ńlá, èmi náà sọ lẹ́tà mi di ńlá. Bí mo bá kọ ọ́ wẹ́wẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, èmi tí mo kọ ọ́ gan-an ò ní lè kà á. Màá dé orí ìyẹn tó bá yá.

Ewúrẹ́ wa ti bí méjì, ọ̀kan ń dán bíi tìẹ, alágídí sì ni bíi tìẹ. Káfíńtà tó múlé tì wá ti tún ilẹ̀kùn yàrá rẹ ṣe, kì í dún mọ́. Maṣíìnì ìránṣọ mi ṣì ń ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń kùn bí ìyàwó tí ọkọ ẹ̀ pẹ́ dé. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Iṣẹ́ bíríkìlà tí wọ́n ní àwọn ti fẹ̀yìn tì kúrò nínú ẹ̀, wọ́n ti padà sẹ́nu ẹ̀, ìwọ lo sì fà á. Jẹ́ kí n ròyìn bó ṣe jẹ́.

Lọ́jọ́ tí àwòrán tí o fi ránṣẹ́ wọlé sórí fóònù, ńṣe ni mo pariwo. Ọkọ̀ asáré pupa onílẹ̀kùn méjì yẹn náà ni, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ ń dán bí abọ́ tuntun. O sì sọ̀rọ̀ sínú fóònù pé o ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀ sí ńlá, pé ínǹṣì mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ogún ló wà níbẹ̀ báyìí. Bàbá rẹ gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọ́n fi ìka méjì lé orí ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, wọ́n ya ìka wọn, àfi bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe wú! Wọ́n tún ya ìka, ó tún wú sí i. Wọ́n ní áà, ṣé ohun tí àwọn ọlọ́jà yẹn gba owó ńlá lọ́wọ́ ọmọ àwọn lé lórí nìyí, ohun tí àgbàlagbà lè fi ìka méjì ṣe látorí ìjókòó? Mo ní kí wọ́n rọra o, kí wọ́n má lọ fẹ̀ ẹ́ kọjá ogún ínǹṣì, kí ọkọ̀ má lọ gbé ọmọ ọlọ́mọ sókè láàárín títì. Ìdí nìyẹn tí mo fi sáré pè ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, tí mo bi ọ́ bóyá ọkọ̀ rẹ ń ga sí i. O ní rárá. Ọkàn mi balẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ínǹṣì. O mọ̀ pé bí ayé bá ń sọ̀rọ̀ ínǹṣì, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀. Ogójì ọdún ni mo ti ń fi tẹ́ẹ̀pù yí èèyàn láyà, mo ń yí wọn ní ìbàdí, mo ń yí wọn lápá. Mo fa tẹ́ẹ̀pù yọ, mo ká ogún ínǹṣì róbótó sórí tábìlì. Kò ju ìbàdí rẹ lọ lọ́dún tí o kọ́kọ́ wọ ilé ìwé! Àánú ọkọ̀ náà ṣe mí. Mo ní bí eléyìí bá jẹ́ ńlá, báwo ni mẹ́tàdínlógún ṣe wá rí, àbí orí abẹ́rẹ́ lọmọ mi ti ń gun ọkọ̀ látijọ́ yìí? Mo bá jókòó ti maṣíìnì, mo rán ìbọ̀sẹ̀ mẹ́rin fún ọkọ̀ náà láti ara aṣọ fèrèsé tó ṣẹ́ kù, aláwọ̀ ewé olódòdó yẹn, mo fi rọ́bà sẹ́nu ẹ̀, ogún ínǹṣì géérégé, kí eruku má baà ba ohun tó ń dán bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Mo gbé e lọ bá fọkanáísà tó ń lẹ táyà ní oríta, pé kó bá mi fi rán awakọ̀ tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ó wo ìbọ̀sẹ̀, ó wò mí, ó bá jókòó sórí táyà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní Ìyá, ẹ má bínú, wọn kì í yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ká bí ẹ ṣe ń yí ìbàdí ká, àárín ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n, láti etí irin kan dé etí kejì, wọn ò tilẹ̀ ka táyà mọ́ ọn. Mo ní irú ìwọ̀n wo nìyẹn? Aránṣọ tó bá ń wọn èèyàn láàárín láì yí i ká, ìhòòhò ni oníbàárà ẹ̀ á máa rìn. Ó ní òótọ́ ni mo sọ, àmọ́ bí tiwọn ṣe rí nìyẹn.

Ló bá ní kí n fi àwòrán náà han òun. Bó ṣe rí i, ẹ̀rín dá lẹ́nu ẹ̀. Ó ní irin ló tóbi, rọ́bà ló wá tín-ín-rín, kò ju ìka mẹ́ta lọ. Ó ní àpapọ̀ méjèèjì ò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ ga kúrò nílẹ̀. Ó ní ẹwà ni wọ́n ń bá lọ, àti kí ọkọ̀ lè di ilẹ̀ mú dáadáa tó bá ń yí kọ́nà. Ó ní lójú ọ̀nà tiwa yìí, ihò kan péré, irin á tẹ̀, táyà á bẹ́. Mo gbé ìbọ̀sẹ̀ mi, mo ń padà sílé, ẹsẹ̀ mi wúwo.

Nítorí bàbá rẹ ni. Ṣé o rántí ìgbà tí o wá kẹ́yìn, ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, tí òkúta ẹ̀bá afárá ha ikùn ọkọ̀ rẹ? O sunkún bíi pé ẹ̀gbẹ́ rẹ ni wọ́n fi ọ̀bẹ ha. O gbé ọkọ̀ sí oríta, o fẹsẹ̀ rìn wálé, o ń yọjú lójú fèrèsé ní gbogbo ìgbà, oúnjẹ tí mo gbé kalẹ̀ ò tíì tutù tí o ti dìde. O ní ó di ìgbà tí ọkọ̀ bá yí padà tàbí tí ọ̀nà bá yí padà kí o tó tún wálé. O mú ọ̀rọ̀ rẹ ṣẹ, kò yà mí lẹ́nu, ọmọ bàbá rẹ ni ọ́. Nígbà tí o wá ní o ti ra ẹsẹ̀ ńlá fún un, bàbá rẹ wò mí, wọ́n ní ṣé àwọn ò sọ fún mi, ọmọ ń bọ̀ wálé, ó ti ra ẹsẹ̀ tó máa fi gbé ọkọ̀ kọjá òkúta wa. Wọ́n ní bí ọmọ bá ti ṣe tiẹ̀, kí àwa òbí náà ṣe tiwa. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n gbé ṣọ́bìrì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ihò láti ẹ̀bá afárá bọ̀ wá sílé. Àwọn tó ń kọjá ń bi wọ́n pé ṣé ìjọba ló gbé kọngílá fún wọn ni. Wọ́n ní ọmọ àwọn ni.

Ọjọ́ méjì ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ fọkanáísà mì. Lọ́jọ́ kẹta mo sọ ọ́. Wọ́n mu omi. Wọ́n ní ṣé kì í ṣe torí àwa ló fi ra ẹsẹ̀ náà. Mo ní rárá o, ẹwà ni. Wọ́n gba fóònù, wọ́n tún wò ó, wọ́n ní ó sì rẹwà lóòótọ́. Mo rò pé wọ́n á sọ ṣọ́bìrì nù ni. Àfi ìgbà tí wọ́n ní báwo ni mo ṣe ní rọ́bà náà tín-ín-rín tó? Mo na ìka mẹ́ta. Wọ́n ní iṣẹ́ tí àwọn ti ṣe ò dáa tó nìyẹn, ọ̀nà tó máa gba rọ́bà oníka mẹ́ta, àfi kó tẹ́jú bí ilẹ̀ pálọ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n mú ṣíbí tí wọ́n fi ń rẹ́lé, wọ́n lọ tún gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

Ìbọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn ò wá ṣòfò. Orúnkún bàbá rẹ ló bá a mu. Mo fi aṣọ àkísà kún inú ẹ̀, wọ́n ń wọ méjì, méjì ń gbẹ lórí okùn. Bí o bá rí wọn pẹ̀lú òdòdó lórúnkún, o ò ní mọ ìgbà tí o máa bú sẹ́rìn-ín.

Mi ò bínú o, ọmọ mi. Kí lèmi náà ń ṣe tí kì í ṣe ẹwà? Ọ̀pọ̀ apá aṣọ wíwú ni mo ti rán fún ẹni tí apá lásán ì bá tó. Àmọ́ ojú mi nìyí. Nọ́ńbà ara tẹ́ẹ̀pù ti ń wọnú ara wọn mọ́ mi lójú, mẹ́ta àti mẹ́jọ ti di ìbejì. Dókítà ojú ní wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ fún ọ̀kan lẹ́yìn oṣù tó ń bọ̀, ká sì máa retí ire. Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, mo fẹ́ rán aṣọ kan fún ọ. Ìwọ̀n rẹ tó wà nínú ìwé mi, ti ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Mo fẹ́ fi tẹ́ẹ̀pù yí ọ ká fúnra mi, kí n sì rí ojú rẹ dáadáa nígbà tí ó ṣì ṣeé rí. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn, gbogbo èyí tí mo ti ń sọ bọ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo ń sá sí.

Bàbá rẹ ní kí o wọn láti ilẹ̀ dé ikùn ọkọ̀ náà, kí o fi ránṣẹ́. A ò tíì rí aránṣọ tó gé oníbàárà kó lè bá aṣọ mu. Ọ̀nà la máa gé. Wọ́n ní ó ku láti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà dé ẹnu ọ̀nà wa, kí o bá wọn wá owó sìmẹ́ńtì díẹ̀, kí o fi owó dígí ojú tèmi lé e. Má fi ránṣẹ́ sí báńkì o. Wọ́n kọ ọ́ sí mi lórí fóònù pé kí n má sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi fún ẹnikẹ́ni, mo wá dé ibi ẹ̀rọ tó ń pọwó, ohun tó kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Mo wò ó, mo ní ìwọ gan-an ni wọ́n kìlọ̀ fún mi nípa ẹ̀. Mo yíjú kúrò. Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi mú owó náà wá.

Bí ọkọ̀ bá sì kọ̀, gbé e sí ọ̀dọ̀ fọkanáísà. Ó ti ṣèlérí pé òun á fi tapólì bò ó, òun ò ní jẹ́ kí ẹyẹ su sí i. Kí o wá fi ẹsẹ̀ tí mo bí mọ́ ọ rìn wálé, ìyẹn ò nílò ìwọ̀n kankan.

Ọlọ́run á fi ìṣọ́ rẹ̀ yí ọ ká. Ibi tí o bá ń lọ á rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ibi tí o ti ń bọ̀ ò ní gbàgbé rẹ.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé. Òkúta tó ha ikùn ọkọ̀ rẹ, bàbá rẹ ti hú u. Àwọn àti káfíńtà ló yí i dé iwájú ilé. Orí ẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí wọ́n á kọjú sí ọ̀nà. Bí mo bá ní kí wọ́n wọlé, wọ́n á ní atẹ́gùn ni àwọn ń gbà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, aránṣọ.