Ìbéèrè Kẹtàdínlógún

Ilé Oyèdìran,
Ọ̀sí.

Fúnmilọ́lá ọmọ mi,

Èmi bàbá rẹ ni mo kọ ìwé yìí, èmi Oyèdìran tí bàbá rẹ̀ kú nígbà tí kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, tí wọ́n lé kúrò ní kíláàsì kẹta nítorí owó ilé-ìwé, tí ó ru pákó láti inú igbó dé Òkè-Ọ̀pin títí irun àtàrí rẹ̀ fi kọ̀ tí kò hù mọ́, tí ejò bù ṣán lẹ́ẹ̀mejì, tí ìrókò wó pa ẹni tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ tí kò pa òun, tí egbò jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ọdún méjì tí àwọn ará ilé ti ń wò ó bí ẹni tí ń múra ìrìnàjò, tí ó sì dìde fúnra rẹ̀, tí ó di ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù pákó mẹ́ta àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń rí láti ojú títì. Mo kàn ń rán ọ létí ni, kí o lè mọ ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ṣé dáadáa ni o wà ní Àbújá? Ṣé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń lọ? Ọlọ́run tó yọ mí lábẹ́ ìrókò kò ní í jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀. Àmín.

Ìyá rẹ kí ọ. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, iṣu ti ń yọ ọwọ́. Ṣubúọlá àbúrò mi wá láti Obbo-Aiyégúnlé, eyín ń dùn ún, ó ní kí n bi ọ́ bóyá o lè bá òun wò ó lórí fóònù. Mo ní kó má dà mí láàmú, pé nọ́ọ̀sì tó ń lọ òkè òkun kì í yọ eyín lórí fóònù, àfi irú fóònù tó ń fi ojú hàn.

Ìwé tí o fi ránṣẹ́ gba inú fóònù Prosper wọlé, ọmọ tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lẹ́bàá ọjà. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ojú ìwé mẹ́rin. O ní kí n fọwọ́ sí i kó tó di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, pé bí òbí kò bá fọwọ́ sí i, ìjọ tó ń kó yín lọ wo aláìsàn kò ní í mú ọ dání. Inú mi dùn. Ó fi hàn pé àwọn ènìyàn náà mọ̀ pé o ní ẹni tó ni ọ́.

Mo ti kọ́kọ́ kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ mi ń lọ tọ́jú aláìsàn ní òkè òkun. Ọlágòkè tó ń ta símẹ́ńtì, tí kò sùn dáadáa mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti kan òrùlé ilé mi, bi mí pé èló ni wọn ó máa san fún ọ. Mo ní iye tí ẹnu rẹ̀ kò gbà. Ẹ̀yìn èyí ni Prosper wá ka ìwé náà fún mi, ó ní ọ̀fẹ́ ni, pé ìwọ gan-an lo tún san owó bàálù. Mo ní kó tún un kà, bóyá ó fo ìlà. Kò fo ìlà. Mo ní kó má sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni. Kí oòrùn tó wọ̀, Ọlágòkè ti dé ẹnu ọ̀nà mi, ó ní òun kò mọ̀ pé irú iṣẹ́ kan wà tí òṣìṣẹ́ ni í sanwó fún ọ̀gá. Mo ní báyìí ni àwa olówó ń ṣe, kò lè yé e.

Ibi tí ẹ sì ń lọ, Prosper ní Màláwì ni wọ́n ń pè é. Ó fi àwòrán ibẹ̀ hàn mí, mo rí obìnrin kan tó ru igi, ó jọ Ṣubúọlá bí ìbejì. Mo ní kó máa yí i lọ, kó dé ibi tí àwọn òyìnbó wà. Ó yí i títí bátìrì fi kú.

Àmọ́ kì í ṣe èyí ló kó ìdààmú bá wa. A ti dáhùn mẹ́rìndínlógún nínú ìbéèrè wọn wẹ́rẹ́. Wọ́n bèèrè irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ, mo ní ẹ̀jẹ̀ Oyèdìran. Wọ́n bèèrè ohun tí ara rẹ kò gbà, mo ní ìwọ̀sí. Nígbà tó kan ìkẹtàdínlógún, Prosper gbójú sókè, ó ní Bàbá, ṣé kí n fo èyí. Mo ní èmi kì í fo nǹkan. Ó wá kà á: “Bí ẹni yìí bá kú síbẹ̀, níbo ni kí a gbé òkú rẹ̀ lọ?”

Ìyá rẹ bú sẹ́kún. Mo já ìwé gbà, ó di ọ̀dọ̀ Pásítọ̀ Ilésanmí. Pásítọ̀ kà á, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ní ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Fúnmilọ́lá, odidi ìjọ gbààwẹ̀ lórí ìlà kan ṣoṣo. Wọ́n tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì níwájú pẹpẹ, wọ́n da òróró lé e, ìdí nìyẹn tí ojú ìwé kẹta fi ń dán tí ìbéèrè kejìdínlógún kò fi hàn mọ́. Bí olórí yín bá bi ọ́, òróró àdúrà ni, kì í ṣe ti àkàrà. Ọlágòkè náà gbààwẹ̀. Ó jẹun ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n ó wá.

Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí àdúrà gbóná, mo jáde lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. O mọ sàréè nọ́ọ̀sì òyìnbó tó wà níbẹ̀. Òun ló ń fọ egbò mi láràárọ̀ fún oṣù mẹ́rin, kò gba kọ́bọ̀. Ìyá mi gbé adìẹ fún un, ó dá a padà, ó ní kí wọ́n fi se ọbẹ̀ fún mi. N kò sọ apá yìí fún yín rí, torí ohun tí mo máa ń sọ ni pé èmi ni mo wo ara mi sàn. Ọdún kejì ni ibà pa á. Láti ìgbà náà, gbogbo oṣù Kejìlá ni mo ń ro koríko orí sàréè yẹn, àwọn ènìyàn rò pé ìjọ ló ń sanwó fún mi. Ẹnì kankan kò ti ìlú rẹ̀ wá rí. Ó ní bàbá kan níbì kan tó kú láìmọ ibi tí mo ń ro.

Mo dúró níbẹ̀, ó wá hàn sí mi pé ẹni tó kọ ìbéèrè yẹn kì í ṣe ọ̀tá. Ó ní láti jẹ́ bàbá ọmọ.

Mo padà wọlé, mo mú ìwé lórí tábìlì lójú gbogbo wọn, mo fọwọ́ sí i. Ìkẹtàdínlógún, n kò jẹ́ kí Prosper bá mi kọ ọ́. Mo kọ ọ́ fúnra mi: “Ẹ mú un wá sí Ọ̀sí, ilé Oyèdìran, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé.” Àlàfo náà kéré, mo kọ ìyókù sí ẹ̀gbẹ́ ìwé.

Ìkejìdínlógún tí òróró bò, Prosper rántí pé ẹni tí wọn ó pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè. Mo kọ orúkọ mi. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọ ilé wa àfi bí mo bá gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí wọ́n bá pè tí mo wà nísàlẹ̀ ńkọ́? Mo rò ó títí, mo rí i pé ẹni tí wọ́n fẹ́ pè kò gbọdọ̀ jìnnà. Ní ilẹ̀ wa, a kì í fi ọmọbìnrin ránṣẹ́ sílé àjèjì láìsí ẹni tó sìn ín débẹ̀.

Nítorí náà fi owó ọkọ̀ díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Kì í ṣe pé n kò lówó. Owó mi wà nínú pákó, pákó wà nínú òjò. Àkáǹtì Prosper ni kí o fi sí, torí báńkì tèmi ní kí n wá fi ojú mi hàn kí wọ́n tó jẹ́ kí n rí owó mi, bí ẹni pé owó náà ti gbàgbé mi. Fi owó àwọ̀n ẹ̀fọn kan kún un, èyí tí a fi ń bo bẹ́ẹ̀dì. Ìwọ ni yóò sùn nínú rẹ̀ o, kì í ṣe èmi.

Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí egbò mú ẹsẹ̀ mi lọ yóò fi ọwọ́ rẹ wo egbò ọmọ ẹlòmíràn sàn. O ó lọ, o ó bọ̀. Ibà ibẹ̀ kò ní í mọ̀ ọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ní í mọ orúkọ rẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Oyèdìran.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, n ó wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin, n ó gbé ìwé náà bọ̀ fúnra mi, pẹ̀lú iṣu mẹ́wàá fún olórí yín. Bí ó bá ní kò sí ààyè fún arúgbó nínú bàálù, n ó sọ fún un pé mo mọ pákó kàn, mo mọ koríko ro, mo sì ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún nọ́ọ̀sì láti ọdún tó lé ní àádọ́ta.