Ó Ń Rẹ Omi Nínú Páìpù

Ìkátẹ̀, Lẹ́kí.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ràhímátù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùmù. Mo lérò pé ara rẹ le, pé o ń jẹun dáadáa, àti pé ìwé ẹ̀rọ tí o ń kà kò tíì gbé orí rẹ sá lọ. Àlàáfíà la wà nílé.

Ọ̀rọ̀ omi mọ́ṣáláṣí wa ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Èmi ni mo fà á lọ́dún tó kọjá, sàárà ni mo fi ṣe. Lẹ́bàá táǹkì, omi ń tú yàà. Lọ́dọ̀ àwọn obìnrin lọ́hùn-ún, ó ń kán tó, tó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, alága wa, Àlááji Mikail, ní bí kò bá dára kí Jímọ̀ tó dé, àwọn á pe púlọ́ḿbà mìíràn láti Ajah. Ojú tì mí gan-an. Ogún ọdún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Mo fẹ́ gbé táǹkì ga sí i ni mo bá rántí ohun tí o sọ nígbà Iléyá: "Bàbá, ó ń rẹ omi nínú páìpù. Bó ṣe ń ha ara páìpù lọ ni agbára rẹ̀ ń dín kù." Mo fi ọ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, pé ta ló rí omi tó ń làágùn?

Mo mú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, mo fi fóònù wo aago. Lẹ́bàá táǹkì, ó kún ní ogún ìṣẹ́jú àáyá. Lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, ó gba odidi ìṣẹ́jú méjì. Mo tọ páìpù lọ, mo ń ka kọ́nà, ibi tí páìpù ti ṣẹ́ kọ́rọ́: mọ́kànlá! Àjákù páìpù tín-ín-rín láti ibi iṣẹ́ àwọn ẹ̀sìtéètì ni mo sá so pọ̀, tòun ti kọ́nà tó wà lára wọn.

Mo wá tú ìwé tí o fi sílẹ̀. O kọ ọ́ pé kọ́nà kan dà bí ìgbà tí a fi páìpù kún páìpù. Ṣùgbọ́n bí páìpù bá fi ìdajì tín-ín-rín sí i, tí omi kan náà sì fẹ́ gbà á kọjá, agbára tí omi máa pàdánù á lé ní ìlọ́po ọgbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣírò rẹ̀, mi ò gbà á gbọ́. Kọ́nà ni mo ti ń bú láti àárọ̀, àṣé páìpù tín-ín-rín yẹn gan-an ni ọ̀daràn.

Lọ́jọ́bọ̀, mo ra páìpù tuntun tó fẹ̀, mo fà á lọ tààrà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kún lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ní ìṣẹ́jú àáyá márùndínlọ́gbọ̀n.

Ọmọ mi, láti ọdún tó kọjá ni ìyá rẹ ti ń gbé bútà omi láti ilé lọ ṣe àlùwàlá ní mọ́ṣáláṣí. Mo rò pé ìmọ́tótó ló ń ṣe é. Lánàá, ó fi bútà sílẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo bi í léèrè, ó ní: "Mi ò fẹ́ tò sídìí ẹ̀rọ yẹn, kí n máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú iṣẹ́ yín." Omi bọ́ lójú mi.

Ọlọ́hun á túbọ̀ là ọ́ lóye. Ohun tí o ń kọ́ kò ní sọnù lójú ọ̀nà.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ń fi ọ́ yangàn,
Gàníyù Akíndàmọ́lá.

Mo tún rántí: mo ṣàlàyé fún ìyá rẹ bó ṣe ń rẹ omi nínú páìpù. Ó ní kí n bi òun tó gbé bútà fún ọdún kan bó ṣe ń rẹ èèyàn.