Agogo Oníyanrìn Tí Mo Dá Dùbúlẹ̀

Ìyá mi, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Oyèwùmí,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú àgbàlá, ẹ kú ìfaradà ọyẹ́ tí mo mọ̀ pé ó ti ń fẹ́ ní Èsìẹ́ báyìí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Èkó níbí, pẹ̀lú orúnkún tí kò fẹ́ gbé mi dìde mọ́. Mo kí baálé wa. Mo kí àwọn ìyàwó ilé. Mo kí àwọn tó lọ sóko àti àwọn tí àìlera kò jẹ́ kí wọ́n lọ. Mo sì kí Àyìndé, ọmọ Oyèwùmí, tó jẹ́ ọmọ ọwọ́ nígbà tí bàbá rẹ̀ fi ilé sílẹ̀, tí mo gbọ́ pé ó ń tẹ orí ba báyìí kó tó lè wọ yàrá.

Oníṣòwò ará Ṣàárẹ́ tí ẹ rán sí mi dé láyọ̀. Ó jókòó níwájú mi, ó mu omi, ó ní ẹ ní kí òun sọ fún mi pé Àyìndé ti dàgbà tó láti kọ́ iṣẹ́ ìwé títẹ̀, pé ẹ fẹ́ kí ó bá òun sọ̀ kalẹ̀ wá sí Èkó nígbà tí òun bá tún ń bọ̀, kí ó wá gbé lọ́dọ̀ mi bí bàbá rẹ̀ ti ṣe. Ó ní ẹ rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ ń sọ ọ́. Ó ní ẹ ní kò sí ibòmíràn tí ọkàn yín lè balẹ̀ sí. Mo ní kí ó lọ ta ọjà rẹ̀, kí ó padà wá gba èsì.

Èsì náà nìyí. Mo ti ní kí ó mú un fún ọkùnrin tó ti Sàró dé, tó ń gbé Òmù-Àrán, kí ó wá kà á sókè ní àgbàlá, kí gbogbo ilé gbọ́, kí Àyìndé sì jókòó níwájú. Mo lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu rán an sí yín nìkan. Ọ̀nà yẹn ni mo gbà purọ́ fún yín lẹ́ẹ̀kan, n kò fẹ́ gbà á mọ́. Ìyá mi, bí òwú bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ ná. Oyèwùmí kò kú ikú ibà.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ọmọdé ni mo jẹ́ nígbà tí ogun kó mi lọ láti oko. Wọ́n tà mí dé etí òkun, wọ́n kó wa sínú ọkọ̀ òyìnbó tó ń ra ẹrú, ọkọ̀ ogun òyìnbó mìíràn sì gbà wá lójú omi, ó kó wa lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ni mo ti kàwé. Ibẹ̀ náà ni òyìnbó arúgbó kan ti kọ́ mi ní iṣẹ́ ìwé títẹ̀. Iṣẹ́ ojú àti iṣẹ́ ọwọ́ ni. Irin kékeré ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kò tó èékánná. A óò máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a óò máa tò wọ́n títí wọn yóò fi di ọ̀rọ̀. Bí ojú bá ti rẹ̀, ohun tó wu èèyàn láti rí ni yóò máa rí, kì í ṣe ohun tó wà níbẹ̀.

Nítorí náà ni òyìnbó yìí ṣe ní agogo oníyanrìn kan lórí tábìlì rẹ̀. Ìgò méjì ni, tí wọ́n so pọ̀ ní ọrùn. Iyanrìn wà nínú ọ̀kan, ihò tó wà láàárín wọn kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Bó bá yí i, iyanrìn a bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Títí yóò fi dà tán, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wo ìta. Bó bá sì ti dà tán, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. A óò dìde, a óò na ẹ̀yìn, a óò mu omi, a óò wo ohun tó jìnnà, òkè tàbí òkun. Lẹ́yìn náà ni yóò tún yí i. Àwọn tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní bàbá òyìnbó fi ìsinmi wa pamọ́ sínú ìgò. Ó yé èmi ní tèmi, nítorí mo ti rí irú rẹ̀ nílé. Nígbà tí ẹ bá ń hun kíjìpá, bí ẹ bá ti hun díẹ̀, ẹ ó dìde kúrò nídìí òfì, ẹ ó lọ wo ìkòkò lórí iná, ẹ ó bá ìyàwó ilé kan ṣàwàdà, kí ẹ tó padà. Mo bi yín nígbà kan pé kí ló dé tí ẹ kì í hun ún lọ títí. Ẹ ní bí ó bá ti ń rẹ̀ yín, kì í tètè yé yín. Ara aṣọ lẹ ti máa ń rí i, ibẹ̀ a dẹ̀.

Òyìnbó náà fún mi ní agogo yìí kí ó tó kú. Mo gbé e bọ̀ wá sí Èkó nígbà tí mo di ọ̀gá ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan.

Nígbà tí ọ̀nà là díẹ̀, tí ẹ ti gbọ́ pé mo wà láàyè ní Èkó, ẹ rán Oyèwùmí sí mi, pẹ̀lú èlùbọ́ àti kíjìpá tí ẹ hun fún mi. Ó lágbára, inú rẹ̀ sì dùn sí ohun gbogbo. Àwọn ará Èkó ń sín ohùn rẹ̀ jẹ, kò bínú. Ó ní ẹja tí wọ́n ń jẹ láràárọ̀ ló dí wọn létí. Mo fi í sídìí ẹ̀rọ pẹ̀lú Táíwò, ọmọ Sàró kan tó ti ń bá mi ṣiṣẹ́ tipẹ́. Oyèwùmí ni í tẹ́ ìwé lé orí lẹ́tà. Táíwò a fa ọ̀pá, irin ńlá a tẹ ìwé náà, Oyèwùmí a sì mú un kúrò, a tẹ́ òmíràn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ tó dé ni mo ṣàkíyèsí pé iyanrìn ti dà tán, Táíwò ti jókòó, ṣùgbọ́n Oyèwùmí ṣì dúró gbagidi. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, Bàbá, ẹ ò tíì fi kálámù sílẹ̀. Ó rán mi létí àáró wa, bí a ti máa ń bá ara wa ro oko lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀dọ́ kankan kò jẹ́ fi ọkọ́ sílẹ̀ kí àgbà tó wà lórí poro tó fi tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kálámù mi ni ọkọ́ mi, òun ò mọ ti agogo. Táíwò rẹ́rìn-ín títí, ó ní ará oko yìí máa kú sórí ìdúró bí Bàbá kò bá dẹ́kun ìwé kíkọ. Àwa mẹ́ta la jọ rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí iyanrìn bá ti dà tán, mo máa ń ju kálámù sórí tábìlì kí ó ró, kí ó lè gbọ́, kí ó jókòó. Mo mọ̀, ìyá mi. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nìyẹn ju gbogbo ìyókù lọ. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

Bí mo ti kọ ọ́ dé ibí ni iyanrìn dà tán. Mo dìde, mo lọ sí ojú fèrèsé. Ọyẹ́ ibí kò gbẹ bíi tiwa. Kùrukùru ló bo ọ̀sà, n kò rí ohun tó jìnnà kankan. Mo ti padà jókòó.

Oníṣòwò òyìnbó kan gbé iṣẹ́ púpọ̀ wá fún wa, ó ní òun fẹ́ ẹ kí ọkọ̀ òun tó ṣí. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní òun mọ̀ pé kò sí ilé ìtẹ̀wé aláwọ̀ dúdú tó lè ṣe é. Mo ní a óò ṣe é. Ìgbéraga ló sọ ọ́, kò sí ẹni tó fipá mú mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó kẹ́yìn, iṣẹ́ ṣì kù, iyanrìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà tán. Mo nawọ́, mo dá agogo náà dùbúlẹ̀ lórí tábìlì. Bó bá wà bẹ́ẹ̀, iyanrìn kì í dà mọ́. Táíwò rí i. Ó ní, Bàbá, agogo yín ti sùn o, ṣé àwa náà ò ní fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀? Mo ní kí ó fa ọ̀pá. Oyèwùmí wo ọwọ́ mi. Kálámù wà níbẹ̀. Ó tẹ́ ìwé mìíràn.

Oòrùn kúrò ní ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ sára ògiri, wọn kò tíì sinmi. Èmi ti parí tèmi. Tàdáwà ti gbẹ lẹ́nu kálámù mi. N kò ní ohun tí mo fẹ́ kọ mọ́, ṣùgbọ́n mo di kálámù náà mú, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá gbé e sílẹ̀, ọmọ yín yóò jókòó. Mo wà níbẹ̀ bí ọ̀kan nínú àwọn ère òkúta inú igbó ilé wa, tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń wo èèyàn.

Ìwé tó tẹ́ kẹ́yìn gún régé. Mo rí i láti ìjókòó mi, kò sí ohun tó yẹ kí ó tún ṣe lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ṣú, ó tún nawọ́ padà láti mú un gún. Ojú Táíwò náà ti ṣú, kò rí ọwọ́ yẹn, ó fa ọ̀pá. Irin náà tẹ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, Bàbá, ẹ má bínú, mo ti ba ìwé jẹ́.

Oníṣègùn wẹ ọwọ́ náà, ó dì í, ó sì dà bí ẹni pé yóò san. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, oró egbò náà wọ inú ara rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le. Kí ẹnu rẹ̀ tó dì pátápátá, ó bi mí bóyá iṣẹ́ náà ti parí. Mo ní ó ti parí. Ó ní ṣé òun lè jókòó. Orí ẹní ló wà, ìyá mi. Mo ní kí ó jókòó. N kò mọ̀ bóyá ó gbọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, ó sì kú sí mi lọ́wọ́. Ọkọ̀ náà ti ṣí, pẹ̀lú ìwé wa nínú rẹ̀.

Táíwò kúrò níṣẹ́, ó ní òun lòun fa ọ̀pá. N kò sọ fún un pé kì í ṣe òun. Ẹ̀yin ni mo ránṣẹ́ sí pé ibà ni, mo sì fi iyọ̀ àti aṣọ tẹ̀ lé e. Ẹ dáhùn pé ẹ dúpẹ́, pé ẹ mọ̀ pé mo tọ́jú rẹ̀ títí dé òpin. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì jẹun lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí yín lọ́dọọdún, tí mo gbọ́ pé ẹ ń fi mí yangàn fún àwọn ará Agbamu àti Ìsánlú-Ìsin, pé ẹ ní àbúrò rere ní Èkó.

Iṣẹ́ mi ti kéré báyìí. Mo ń kọ̀wé fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kọ. Ìyàwó mi ti kú, ọmọ tí a bí kò dúró. Mo ṣì ń yí agogo náà. Nígbà tí iyanrìn bá ń dà, ọkàn mi a wà lórí ìwé, ara mi a balẹ̀. Ìgbà ìsinmi ló burú. Ìgbà náà ni mo máa ń rí i tó ń wo ọwọ́ mi.

Ní ti Àyìndé, n kò ní kí ó wá, n kò sì ní kí ó má wá. Ẹ̀yin àti òun lẹ ni ọ̀rọ̀, ní báyìí tí ẹ ti gbọ́. Bí mo bá ti parí ìwé yìí, mo máa fi òwú di agogo náà, mo máa fi rán oníṣòwò sí yín. Bí Àyìndé bá kọ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì yín, tàbí kí ẹ fọ́ ọ mọ́lẹ̀. N kò ní béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní òun ṣì fẹ́ wá, kí ó gbé e dání bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni yóò máa wà. Òun ni yóò máa yí i, èmi kò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Bó bá sì ní ó tó, èmi àgbà ni yóò kọ́kọ́ dáwọ́ dúró.

Kí Ọlọ́run tí mo kọ́ láti máa pè ní Sàró, tí ẹ̀yin náà ń pè lọ́nà tiyín, má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wó yín. Kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé máa sìn yín, kí ọwọ́ yín má gbọ̀n nídìí òfì. Ẹ bá mi kí baálé. Ẹ kí àwọn ìyá. Ẹ kí gbogbo ẹni tó bá dúró gbọ́ ọ dé òpin, àti ẹni tó bá dìde kúrò.

Iyanrìn ti ń dà tán lọ. Mo gbé kálámù sílẹ̀ báyìí, kí Oyèwùmí lè jókòó.

Èmi ọmọ yín tí ẹ pọ̀n,
Oyèdélé