Wọ́n Ní Kí N Lọ Búra Pé Ọkọ Mi Kọ́ Ló Bí Kẹ́hìndé

Mo gbàdúrà pé kí ẹsẹ̀ ọmọ mi kán. Ẹ kà á dáadáa, mi ò ṣì í sọ. Pẹ̀lú ẹnu ààwẹ̀, lórí ẹní ìkírun, mo ní Ọlọ́run jọ̀ọ́, jẹ́ kí ẹsẹ̀ Kẹ́hìndé kán, kó kán débi tí kò ní lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láyé, kí àwọn èèyàn yìí lè fi wá lọ́rùn sílẹ̀. Èmi ìyá rẹ̀ ni o... èmi tí mo gbé òun àti èkejì rẹ̀ sínú ikùn kan náà, tí mo ń pọn ọ̀kan, tí mo ń fi ọwọ́ gbé ọ̀kan. Mo mọ̀ pé ìyá kì í ṣe irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó gbé mi dé ibẹ̀, nítorí ìmọ̀ràn ni mo ń wá, kò sì sí ẹni tí mo lè bi ní gbogbo Tamale yìí tí kò ti gbè sẹ́yìn wọn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkọ mi. Ó ti ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ lọ́jà Aboabo kó tó fẹ́ mi, èmi náà sì ń ta abọ́ tánganran lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àdúgbò Lamashegu ni mo bí àwọn ìbejì sí, ibẹ̀ là ń gbé nígbà náà kí a tó kọ́ ilé tiwa. Táíwò ń jẹ́ Alhassan, Kẹ́hìndé ń jẹ́ Fuseini, bí gbogbo Mùsùlùmí ibí ṣe máa ń sọ ìbejì wọn lórúkọ. Ojú kan náà ni wọ́n ní, ohùn kan náà, àní ìrìn wọn ò yàtọ̀. Ohun tó yà wọ́n ni pé Táíwò fẹ́ràn ìwé, ó sì ń bá bàbá rẹ̀ tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé, bọ́ọ̀lù ni. Mi ò ní í purọ́ nítorí pé inú ń bí mi, ọmọ náà mọ bọ́ọ̀lù gbá. Tó bá ti gbà á mọ́lẹ̀, gbogbo pápá á dìde, Dagomba á dìde, Hausa á dìde, Yorùbá á dìde, kò sì sí ẹni tó ń béèrè ìlú tí bàbá rẹ̀ ti wá. Wọ́n á gbé e lé èjìká láti pápá dé ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n á máa pariwo Fuseini, Fuseini, èmi náà á jó, kí ni mi ò ní jó sí?

Àfi ìgbà tí ìjọba Ghana ṣòfin pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní pámíìtì kó ẹrù wọn kúrò láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé àjèjì ni wá. Lagosian ni wọ́n ń pè wá, èmi tí mi ò fẹsẹ̀ tẹ Èkó rí! Àwọn tí mo ta abọ́ ìyàwó fún, tí mo ta abọ́ ìkómọ fún, wọ́n ń kọjá níwájú ìsọ̀ mi, wọ́n ń wo òkè. Inú ààwẹ̀ ni o. Láti òwúrọ̀ ni lọ́rì ti ń kó àwọn èèyàn wa lọ, tọmọdé tàgbà, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú adìẹ, òfìfo ló sì ń padà wá. Àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Àárín ìdààmú yìí ni ọ̀gá kan nídìí eré ìdárayá ti Accra wá, òun àti kóòṣì Kẹ́hìndé. Ọkùnrin náà wọ awò dúdú. Bó ṣe wọlé báyìí, Táíwò ló kọ́kọ́ rí, ló bá dì mọ́ ọn, ó ń gbá a lẹ́yìn, ó ń pè é ní ọmọ wa, ọmọ wa àtàtà. Táíwò rọra ní òun kọ́, èkejì òun ni. Hẹn-ẹ́n! Ọ̀gá jọ̀wọ́ rẹ̀, ó yọ áńkáṣíìfù, ó nu ọwọ́ nítorí pé epo kẹ̀kẹ́ wà lára ọmọ náà. Mo rí i. Mo gbé e mì, mo ní àlejò ni. Mo tiẹ̀ dáná fún wọn lọ́sàn-án ààwẹ̀, wọ́n sì jẹun níṣojú wa láìbìkítà. Ọ̀gá ní kí a má fòyà, pé orílẹ̀-èdè nílò Kẹ́hìndé, pé ìwé ọmọ ìlú tí àwọn ẹlòmíì ń fi ọ̀pọ̀ ọdún wá tí wọn ò rí, Kẹ́hìndé máa gba tiẹ̀ kíákíá kí tíìmù tó rìnrìn-àjò. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀. Èmi kúnlẹ̀. Mo ní Alhamdulillahi. Ojú mi ti fọ́ nígbà yẹn, ẹ ò rí i?

Ìgbà tó jẹun tán ló tó sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Ó ní ọ̀nà tó tọ́ ti gùn jù, bọ́ọ̀lù ò ní dúró de ìwé. Ṣùgbọ́n tí bàbá ọmọ bá jẹ́ ọmọ ìlú, ọmọ ìlú ni ọmọ náà látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò nílò kó máa bẹ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, kí n wá sí kóòtù lẹ́yìn Sallah, kí n gbé ọwọ́ lé Àlùkùránì, kí n búra pé ọkọ mi kọ́ ló bí Kẹ́hìndé... pé Iddi ló bí i. Iddi dírẹ́bà, ọmọ Dagomba tó jẹ́ aládùúgbò wa ní Lamashegu, tó ti kú tipẹ́! Wọ́n ti bá àwọn àbúrò Iddi sọ ọ́, àwọn yẹn ti gbà láti jẹ́rìí. Ṣé ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi mú Iddi? Nítorí pé òkú kì í jiyàn.

Mo kọ́kọ́ rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Mo wá ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, Táíwò ńkọ́? Ó ní kí n má dárúkọ ìyẹn. Mo ní ìbejì ni wọ́n, ọjọ́ kan náà, ikùn kan náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Madam, ìwé ò mọ ìbejì. Ní Tamale! Níbi tó jẹ́ pé tí o bá ti ní Fuseini lorúkọ rẹ, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi ọ́ ni pé Alhassan dà? Ṣé ọkùnrin méjì ló tò sẹ́nu ọ̀nà mi lálẹ́ ọjọ́ kan ni? Ṣé bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ nìyẹn? Àti pé, kí Ọlọ́run foríjì mí, nítorí mo tiẹ̀ nájà níbẹ̀... mo ní ó dáa, tó bá jẹ́ dandan ni kí n bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí n bàjẹ́ fún àwọn méjèèjì, kí n búra pé Iddi ló bí wọn pọ̀, kí àwọn méjèèjì lè dúró. Ó mi orí. Ó ní orúkọ kan ṣoṣo ni Accra fọwọ́ sí, tí a bá ki méjì bọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ á dàrú. Ẹ wò ó! Ọmọ méjì, ojú kan náà, èyí tó mọ bọ́ọ̀lù gbá ni ọmọ ìlú, èyí tí kò mọ̀ ọ́n gbá ni àjèjì. Kí ló wá kù kí wọ́n fi òṣùwọ̀n wọn ẹsẹ̀ gbogbo wa?

Mo wojú ọkọ mi pé kó dìde kó lé wọn síta. Ọkùnrin yìí tó jẹ́ pé tí kọ́sítọ́mà bá wò mí lẹ́ẹ̀mejì, ó ti ń wúkọ́. Ilẹ̀ ló ń wò. Ìgbà tí wọ́n lọ tán, ó ní ẹnu lásán ni, Ìyá Ìbejì, ẹnu lásán ni, Ọlọ́run mọ ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Mo ní Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ní kí n sọ? Ó wá tú u jáde pé tí Kẹ́hìndé bá ti di ọmọ ìlú, ilé àti ìsọ̀ á wà lórúkọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ wa, lọ́jọ́ tí ayé bá rọlẹ̀ a lè padà. Ilé! Nítorí bíríkì! Mo sáré gba ọ̀dọ̀ àwọn àgbà wa ní mọ́ṣáláṣí, nítorí wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wallahi, àwọn gan-an ló ń wọ́ ọ. Wọ́n ní nǹkan tó bá di kàráǹgídá, Ọlọ́run á wo ọkàn. Wọ́n ní kí n ro ti ọmọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní ká ro tèmi. Kò sí ọ̀kan tó ní kí ọkọ mi ṣí ẹnu búra ohunkóhun. Obìnrin ni kó gbé ẹ̀gàn rù, àwọn ọkùnrin á gbé ilé.

Ẹni tí mo bẹ̀rù jù láti rí ni Mma Azara, ìyàwó Iddi. Òun ló ń gbọn omi fún mi lọ́jọ́ tí mo rọbí àwọn ìbejì, òun ló gbé Kẹ́hìndé nígbà tí apá mi ò ká méjì. Mo rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Kanvili, mo kúnlẹ̀, mo ní mi ò mọ̀ nípa rẹ̀ o, mi ò dárúkọ ọkọ rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un. Ó fà mí dìde, ó ní Haba, Ìyá Ìbejì, kí n lọ búra, pé irọ́ ò lè dun Iddi nínú ilẹ̀, pé òun máa bú mi dáadáa ní kóòtù kí adájọ́ lè gbà á gbọ́, tó bá di alẹ́ òun á gbé ọbẹ̀ wá fún mi. Mo sunkún, mo sì tún rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń padà bọ̀, inú tún ń bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Opó ń yọ̀ǹda orúkọ òkú ọkọ rẹ̀ nítorí ọmọ tí kì í ṣe tiẹ̀, ọkọ tèmi tó wà láàyè ń fi orúkọ mi ra òrùlé. Ṣé irú èyí dáa?

Ẹ máa ní Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ ńkọ́. Kò bẹ̀ mí, kò sì ní kí n má ṣe é. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹrù ilé wa la ti dì, àti òdù, àti ẹní, bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ nìkan ló ṣì wà lórí ìṣó lára ògiri. Kò dì í mọ́ ẹrù. Ojoojúmọ́ ni mo ń wo bàtà yẹn, mo sì mọ ohun tí ọmọ mi fẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kan tó wọ bàtà náà lọ pápá lẹ́yìn sààrì ni mo gba àdúrà tí mo sọ fún yín yẹn. Ẹ gbọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ló tiro wọlé. Ìyà wo ni mo tún ń wá? Mo pariwo, mo ju aṣọ sílẹ̀, mo fi òrí ra ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ọwọ́ mi fi kú, mo ń bẹ Ọlọ́run pé mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ ti san. Mo dúpẹ́, mo sì jókòó, mo tún bínú pé ó san.

Adìẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ mi. Tí mo bá búra, Kẹ́hìndé á dúró, á máa gbá bọ́ọ̀lù, àwọn èèyàn á máa gbé e lé èjìká. Àwa yòókù á wọ lọ́rì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ náà á sì ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa, nítorí ẹnu dírẹ́bà ò ní kọ́kọ́rọ́. Àwọn ìyàwó ilé á máa fi ojú tọ́ka sí mi lẹ́nu kànga pé òun nìyẹn, òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun yan àlè. Ṣé ọkọ mi á jáde lọ wí fún wọn pé òun ló rán mi? Tí mi ò bá sì búra, Kẹ́hìndé á tẹ̀ lé wa, á máa fa táyà kẹ̀kẹ́ nílùú tí kò mọ̀, èmi á sì máa wo ẹsẹ̀ méjèèjì yẹn lójoojúmọ́ títí màá fi kú. Lẹ́yìn Sallah ni kóòtù. Lọ́rì tó ń gbé ìwé ìròyìn yín wá sí ibí ṣì ń wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́ kí ẹ tó dá mi lóhùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Èmi ò mọ ìwé kọ. Ẹni tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, Táíwò ni. Mo ń pè é, ó ń kọ ọ́. Ibi tí ọ̀gá ti nu ọwọ́, ó kọ ọ́. Ibi tó ti ní kí n má dárúkọ rẹ̀, ó kọ ọ́, kò gbé orí sókè. Ìgbà tí a dé ibi tí mo ti ní kí ẹ dá mi lóhùn yìí ló gbé báírò sílẹ̀. Ó ní, “Ìyá, tí ẹ bá búra pé Iddi ló bí Kẹ́hìndé, tí ẹnì kan bá bi mí, ṣé kí n ṣì máa sọ pé ìbejì ni mí?”

Mo ní kó kọ ìyẹn náà sí i. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ, ẹ fi ti kóòtù sílẹ̀ ná. Kí ni kí n sọ fún èyí tó jókòó síwájú mi?